Owó ìjọba ti tán fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aráàlú ní Amẹ́ríkà: ta ni òkò bà?

Àdìsá_Baltimore

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fẹnu lásán sọ láti ọdún tó kọjá ti wá di òkodoro. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2026 yìí ni ìgbìmọ̀ tó ń darí CPB dìbò pé kí wọ́n tú àjọ náà ká pátápátá.

Fún àwọn tó wà nílé tí wọn ò mọ̀ ọ́n: CPB ni Corporation for Public Broadcasting. Òfin ọdún 1967 ló dá a sílẹ̀, Ààrẹ Lyndon Johnson ló buwọ́ lù ú. Àjọ yìí kò ní rédíò kankan, kò sì ní tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ apínwó ló ń ṣe tẹ́lẹ̀: ó máa ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, á sì pín in fún ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aráàlú bíi 1,500 káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ló wá ń ra ètò lọ́wọ́ NPR tó jẹ́ ti rédíò àti PBS tó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n.

Oṣù Keje ọdún 2025 ni àwọn aṣòfin fagi lé owó náà. Ìbò 51 sí 48 ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, 216 sí 213 ní ilé àwọn aṣojú. Trump buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 24. Bílíọ̀nù 1.1 dọ́là ni, owó ọdún 2026 àti 2027 tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n gbà padà. Wọ́n dì í pọ̀ mọ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 8 owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n dìbò fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo ariwo tí wọ́n pa, NPR àti PBS ni wọ́n ń dárúkọ. Wọ́n ní wọ́n ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ Democrat. Ṣùgbọ́n nínú owó tí NPR ń ná, bóyá ni ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ń tọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá tààrà. Ìdá tó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó CPB, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú àti ìgbèríko ló ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè: ẹni tí wọ́n sọ òkò sí, ṣé òun náà ni òkò bà?

Jagunlabí_Houston

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹ má bínú sí mi o, èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọkọ̀ ni mò ń wà, mo sì ń san owó orí. Gbèsè ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ti lé ní tírílíọ̀nù 38 dọ́là. Kí ló kàn mí pẹ̀lú rédíò tí mi ò gbọ́ rí? Ní 1967, ta ló ní YouTube? Ta ló ní podcast? Lónìí, ọmọ ọdún méjìlá lè fi fóònù dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ tún wá ń sọ̀rọ̀ bíi pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ NPR. Uri Berliner tó lo ọdún 25 níbẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta ní oṣù Kẹrin 2024 pé òun wo àwọn olóòtú tó wà ní Washington, òun rí 87 tó forúkọ sílẹ̀ fún Democrat, òun ò rí Republican kan ṣoṣo. Èèyàn wọn ló sọ ọ́ o, kì í ṣe Trump. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń bú mi lójoojúmọ́, èmi ni kí n tún máa fún lówó oúnjẹ?

Ìyá_Ìbejì_Ohio

Jagunlabí, o ò ní ọmọ kékeré nílé ni o fi ń sọ̀rọ̀ báyìí 😂. Ibì kan ṣoṣo tí mo lè gbé àwọn ìbejì mi sí níwájú tẹlifíṣọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń polówó súìtì àti ìṣeré ọmọdé fún wọn ni PBS. Tí mo bá ń ro àmàlà, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé Sesame Street, ètò ọmọdé tí wọ́n ń wò níbẹ̀, máa kúrò ni?

Àdìsá_Baltimore

Rárá o, ìyá ìbejì. Sesame Street kò lọ sí ibì kankan. Wọ́n ti bá Netflix ṣàdéhùn ní 2025, ó ṣì ń jáde lórí PBS náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ńlá ló máa ń rí ẹni gbà wọ́n.

Ibi tí ìbẹ̀rù wà ni pé ètò lásán ni PBS ń ṣe, ilé iṣẹ́ tó wà nílùú yín ló ń gbé e dé ilé yín. Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá ti ilẹ̀kùn, tàbí tí kò lówó tó máa san fún PBS mọ́, ètò náà kò ní bá orí afẹ́fẹ́ wọlé yín mọ́. Ẹ wo Arkansas. Ní oṣù Kejìlá 2025, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà dìbò pé àwọn ń kúrò lára PBS láti oṣù Keje 2026, nítorí owó ẹgbẹ́ ọdọọdún tó tó mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. NJ PBS tí í ṣe ti New Jersey ní tiwọn ti kéde láti oṣù Kẹsàn-án 2025 pé ó ṣeé ṣe kí àwọn kógbá sílé lẹ́yìn 30 oṣù Kẹfà 2026.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni ò pariwo lé. Ní oṣù Karùn-ún 2025, kí wọ́n tó dìbò rárá, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti fòpin sí owó Ready To Learn, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ètò kíkọ́ ọmọ níwèé lórí PBS. Mílíọ̀nù 23 dọ́là ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_Orí_Òkè

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò aráàlú kékeré kan láàárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí mo ṣì fẹ́ gba owó oṣù.

Jagunlabí, ìwọ ń wo rédíò bí ẹni tó jókòó síwájú gbohùngbohùn tó ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló kéré jù nínú ìnáwó wa. Ìgbì FM kì í gun òkè. Ibi tí òkè bá ti dí i lójú, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Òpó kan ṣoṣo tó lè bo gbogbo Houston kò lè ká abúlé mẹ́rin lọ́dọ̀ tiwa. Nítorí náà, a ní òpó ńlá kan lórí òkè, a tún ní àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí à ń pè ní translator, tí wọ́n ń gba ohùn láti ara òpó ńlá, tí wọ́n sì ń tún un gbé jáde sínú àfonífojì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ iná. Onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba owó ilẹ̀. Tó bá di ìgbà òtútù, yìnyín á dì mọ́ ara òpó títí, tí oòrùn bá wá ràn, á máa já bọ́ lápálápá, á sì gé okùn tó ń lọ sókè sí eríàlì. Èmi ni màá so ẹ̀wọ̀n mọ́ táyà, màá gun òkè lọ wo ohun tó ṣẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ wa nínú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ lè má tó ẹgbẹ̀rún kan. Oníṣòwò wo ló máa náwó síbẹ̀?

Owó tó ń tọ̀dọ̀ CPB wá ló ń gbé irú nǹkan báyìí. Tí o bá pín owó náà kárí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà, kò ju dọ́là kan àti sẹ́ǹtì ọgọ́ta lọ lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn rédíò ńláńlá ní Boston tàbí Los Angeles, díẹ̀ ni owó CPB jẹ́ nínú owó wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìgbèríko kan wà tó jẹ́ pé ìdajì owó wọn ni, ti òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ tí aráàlú kì í rí: CPB ló máa ń bá àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin dúnàádúrà tẹ́lẹ̀ lórúkọ gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ASCAP, BMI àti àwọn bẹ́ẹ̀. Báyìí, tí rédíò kékeré bá fẹ́ fi orin kan síta, ta ni yóò bá a jókòó? CPB tún ló máa ń gba owó láti ọ̀dọ̀ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, láti fi tún ẹ̀rọ ìkìlọ̀ pàjáwìrì ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju eéje lọ o, àbúrò.

Jagunlabí_Houston

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, mo gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, tòótọ́ ni mo wí. Ṣùgbọ́n ojútùú rẹ̀ kò le: ẹ polówó ọjà! Wọn ò ha ń polówó lórí Fresh FM àti Splash FM n'Ìbàdàn? Ṣé wọ́n kú?

Ẹlẹ́rọ_Orí_Òkè

Òfin ò gbà á. Irú ìwé àṣẹ tí FCC, àjọ ìjọba tó ń darí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fún wa, ti ẹni tí kì í ṣòwò ni. A lè dárúkọ ẹni tó ràn wá lọ́wọ́, ká ní "ilé ìtajà lágbájá ló ṣe agbátẹrù ètò yìí". A ò gbọdọ̀ sọ iye tí ó ń ta ọjà, a ò gbọdọ̀ sọ pé ó dára ju ti ẹlòmíràn lọ, a ò sì gbọdọ̀ ní kí ẹ lọ rà á. Ní oṣù Kìíní 2025 gan-an, Brendan Carr tó jẹ́ alága FCC ní òun fẹ́ tú irú ìkéde bẹ́ẹ̀ wò ní ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ NPR àti PBS, pé ó dà bíi pé wọ́n ti ń sún mọ́ ìpolówó jù. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n tún ń ka ìka ọwọ́ òsì.

Ká tiẹ̀ ní òfin gbà á. Ilé ìtajà mélòó ló wà nínú àfonífojì wa?

Ọ̀dọ́_Láńgbálángbá

"Wọ́n tún ń ka ìka ọwọ́ òsì" 😂😂 ẹ̀gbọ́n yìí á pa mí

Akéwì_Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín láti ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Oníròyìn ni mí nígbà kan ní ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ kan tí ẹnu mi kò ní dárúkọ.

Ohun tí ẹ ń sunkún lé lórí yẹn, àwa mọ apá kejì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa, gbogbo owó ti ìjọba ni: owó oṣù, díẹ́sù, àga tí a fi jókòó. Kí ni a rí níbẹ̀? Ìròyìn àkọ́kọ́, ibi tí gómìnà lọ. Ìkejì, ohun tí aya gómìnà sọ. Tí ilé bá jó ní ìlú, ipò kẹfà ló máa bọ́ sí, tí àkókò bá ṣẹ́ kù. Mo ti ka ìròyìn kan rí tí ìpè wọlé látòkè kí n tó kà á tán. Ọ̀gá wọ inú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ó fọwọ́ bo ìwé tó wà níwájú mi, ó na ìka sí orin. Orin la fi parí ìròyìn lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ ìkéde òkú sílẹ̀.

Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Èmi ò bá Jagunlabí jà o.

Àní, báwo ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣe dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959? Macpherson, gómìnà òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà, bọ́ sórí rédíò ìjọba ní 1953, ó bẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun fèsì lórí rédíò kan náà, wọn ò fún un. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá lọ dá tiwọn sílẹ̀. Nígbà tó di tiwọn náà ńkọ́? Ṣé àwọn alátakò rí àyè fèsì níbẹ̀ bó ṣe yẹ? Ẹ̀yin ẹ bi ìtàn.

Àdìsá_Baltimore

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Àmọ́ ìdí tí wọ́n fi ṣe CPB bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn gan-an, kí ọwọ́ ìjọba má baà dé orí ìwé ìròyìn. Òfin 1967 kọ ọ́ sílẹ̀ pé CPB kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba, àti pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kankan kò gbọdọ̀ darí ohun tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Nixon kórìíra ìròyìn wọn, ó sì kọ̀ láti buwọ́ lu owó wọn ní ọdún 1972. Láti àárín ọdún 1970 sí i ni àwọn aṣòfin ti wá ń fọwọ́ sí owó náà ní ọdún méjì ṣáájú. Ẹni tó bá ń bínú sí ìròyìn ọdún yìí kò ní lè fi owó ọdún yìí jẹ wọ́n níyà, tí yóò bá fi dé orí owó ọdún tó ń bọ̀ lẹ́yìn, inú rẹ̀ á ti rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbìyànjú láti gé owó náà tí kò ṣeé ṣe. Gingrich, olórí ilé àwọn aṣojú nígbà náà, fẹ́ ẹ ní 1995. Romney tó ń du ipò ààrẹ ní òun máa ṣe é níbi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ 2012, pẹ̀lú bó ṣe fẹ́ràn Big Bird, ẹyẹ ńlá inú Sesame Street, tó. Trump fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìṣúná rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kò wọlé. Ohun tó wá yàtọ̀ ní 2025 ni pé wọ́n lo òfin gbígba owó padà, tí ìbò tó kan lé ní ìdajì tó fún. Ọgbà tí wọ́n fi yí owó náà ká láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ojú kan náà ni wọ́n gbà wó o.

Tiyín ní Nàìjíríà, ìjọba ló ni ilé iṣẹ́. Níbí, ìjọba ń dáwó ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Akéwì_Ìsẹ́yìn

Ó dára, mo gbà pé ọgbà wà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ọgbà tí ìbò mẹ́ta lè wó, ṣé ọgbà ni?

Ṣadé_Peckham

Bàbá, ẹ̀yin ti bọ́ síbi tó ń dun èmi náà. Níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, BBC kò ní owó ìjọba tààrà bíi ti CPB fún iṣẹ́ ilé. Ìdílé tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n ló ń san án, £174.50 lọ́dún ní 2025. Ó ń dun àpò o, pàápàá tí wọ́n bá kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù kan! Àmọ́ aṣòfin kan kò lè jí lóru kó ní òun gba a padà. Ìwé àṣẹ wọn máa parí ní òpin 2027, wọ́n ti ń jà lé e lórí báyìí.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé BBC Yorùbá tí gbogbo yín ń kà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2018, owó ìjọba Bìrìtìkó ló gbé e dìde, nígbà tí wọ́n fún World Service lówó láti fi kún èdè. Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ kan fúnni, ó lè fi ọwọ́ kejì gbà á. Lóòótọ́ ni mo ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá tì í lójijì, kó ka ti Gíríìsì. 11 oṣù Kẹfà 2013. Ìjọba Samaras kéde ní ọ̀sán pé àwọn ń ti ERT, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ibẹ̀, pa, kó tó di ọjọ́ kejì, ojú tẹlifíṣọ̀n ti dúdú. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,500 ló pàdánù iṣẹ́. Àwọn kan lára wọn kọ̀ láti jáde nínú ilé, wọ́n ń gbé ìròyìn sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mélòó kan kí ọlọ́pàá tó lé wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba mìíràn dé, ó tún un ṣí.

Jagunlabí_Houston

Àǹtí Ṣadé, ìyẹn túmọ̀ sí pé tó bá ṣe pàtàkì, wọ́n á tún un ṣí. Ẹ ti bá mi sọ ọ́.

Ṣadé_Peckham

Jagunlabí, o ò ní pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣí nítorí pé ilé wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wà, àwọn èèyàn ṣì wà nítòsí. Tí òpó bá ti wó, tí wọ́n bá ti ta ilẹ̀, ta ló máa tún un gbé ró?

Alábòójútó

Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ẹ̀rọ̀ o. Mo ti pa ìdáhùn kan rẹ́ tó ń bú ẹ̀yà ẹlòmíràn. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Nọ́ọ̀sì_Anchorage

Èmi ò sábà kọ nǹkan síbí, àmọ́ Alaska ni mò ń gbé.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 2025, ilẹ̀ mì tìtì ní etíkun wa, 7.3, nítòsí ìlú kan tó wà lórí erékùṣù, tí wọ́n ń pè ní Sand Point. Wọ́n kìlọ̀ pé òkun lè bò wọ́n. Rédíò aráàlú kékeré tó wà níbẹ̀, KSDP, ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa gun ibi gíga lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn sẹ́nétọ̀ ń jókòó lé owó yìí lórí ní Washington. Lisa Murkowski, sẹ́nétọ̀ wa, Republican ni, ó mẹ́nu bà á níbẹ̀. Òun àti Susan Collins ti Maine nìkan ló bá àwọn Democrat dìbò pé rárá nínú ẹgbẹ́ wọn.

Ó di oṣù Kẹwàá, ohun tó ṣẹ́ kù lára ìjì Halong kọlu ìwọ̀-oòrùn. Ní abúlé Kipnuk àti Kwigillingok, omi gbé ilé odindi léfòó, ilé ń rìn lórí omi pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn wá sí Anchorage níbí. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n kó wọn sí. Ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ pé Yup'ik, èdè ìbílẹ̀ wọn, nìkan ló ń sọ dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá, fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà létí rẹ̀. KYUK, rédíò aráàlú ti Bethel, ló ń gbọ́, àwọn tó ń ka ìròyìn ní Yup'ik. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti rí àwọn tó sọnù.

KYUK yẹn, ohun tó ju ìdajì owó rẹ̀ lọ, CPB ló ń fún un tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹ sọ fún mi, podcast wo ló máa sọ ìròyìn ní Yup'ik ní aago méjì òru?

Ìyá_Ìbejì_Ohio

Ẹ̀mí ìyá yẹn á gùn o. Ó dùn mí.

Jagunlabí_Houston

Nọ́ọ̀sì, mi ò lọ́rọ̀ láti bá ìyá yẹn jà. Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Àmọ́ mo tún ní ìbéèrè kan, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba owó yìí padà, ó ju 100,000 èèyàn tí kò dáwó rí lọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aráàlú. Mo kà á. Àwọn àjọ olówó bíi Knight Foundation àti MacArthur náà ti kówó jọ, mílíọ̀nù 36.5 dọ́là ní oṣù Kẹjọ, fún àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nínú ewu. Àní àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń gbé e. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ijó ló ń ná owó onílù. Kí wá ni wọ́n ń fipá gba tèmi fún?

Ẹlẹ́rọ_Orí_Òkè

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo béèrè, kì í ṣe ti ìjà. Màá dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe rí i láti ibi tí mo wà.

Ta ló ń dáwó? Ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó sì ń gbọ́. Wọ́n pọ̀ ní San Francisco, wọ́n pọ̀ ní Boston. Àní àwọn wọ̀nyẹn náà ṣì ń lé òṣìṣẹ́: KQED ti San Francisco yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní oṣù Keje 2025. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń ṣe ètò ìkówójọ. A jókòó ti fóònù láti àárọ̀, ẹni tó bá dá 60 dọ́là a ó fún un ní kọ́ọ̀bù tí orúkọ wa wà lára rẹ̀. Èyí tó kọjá yìí, owó tó wọlé pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, inú wa dùn. A ṣírò rẹ̀ lálẹ́. Kò tíì tó owó iná òpó ńlá nìkan títí ọdún á fi parí. Ìyá arúgbó tó fi 5 dọ́là ránṣẹ́ nínú àpòòwé, ó kọ ọ́ sí i pé òun máa fi kún un nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì òun bá wọlé. Ẹni tó ń gbọ́ wa jù kò lówó.

Mílíọ̀nù 36.5 yẹn, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 535 ni CPB ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Àwọn àjọ olówó fúnra wọn pe owó yẹn ní afárá. Wọ́n ò sọ pé àwọn máa gbé inú odò.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àgbègbè tí èmi ń gun òkè rẹ̀ yìí, Trump ni ọ̀pọ̀ wọn dìbò fún. Ìròyìn tí wọ́n ń gbọ́ lọ́dọ̀ wa, ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé ìwé ni, òkú tó kú ni, ọ̀nà tí omi gbé lọ ni. Ọ̀rọ̀ Washington tí ìwọ àti Berliner ń sọ, wákàtí mélòó kan ni lójúmọ́. Wọ́n bínú sí olóòtú kan ní Washington, èmi ni wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù.

Ọ̀dọ́_Láńgbálángbá

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣá?

Ẹlẹ́rọ_Orí_Òkè

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ báyìí. Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tí à ń ṣe fúnra wa ti dúró. Ohun tí a ń gbà wọlé láti orí sátẹ́láìtì la fi ń dí àyè náà.

Àdìsá_Baltimore

Ìdáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. NPR gé mílíọ̀nù 8 dọ́là kúrò nínú ìṣúná rẹ̀ láti fi ran àwọn ilé iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ṣì wà. PBS gé ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣì wà. Ẹ tan rédíò ọkọ̀ yín lọ́la, ẹ máa gbọ́ ohùn kan náà láti Washington tí wọ́n ní àwọn ń bá jà. Ohùn ìlú ló ń lọ.

Ìyá_Ìbejì_Ohio

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá tiwa níbí ní ìṣòro?

Àdìsá_Baltimore

Ẹ lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ náà, ẹ wá ìwé ìṣírò owó ọdọọdún wọn. Nígbà tí CPB ṣì ń fúnni lówó, ẹni tó bá ń gbà á gbọ́dọ̀ gbé e síta kí aráyé rí i. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ CPB sí, ẹ fi wé àpapọ̀ owó tó wọlé. Tó bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ ìdá ọgbọ̀n, ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹlẹ́rọ_Orí_Òkè

Jagunlabí, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kí n tó lọ sùn. Nígbà tí ìjì Beryl wọ Houston ní oṣù Keje 2024, tí iná lọ ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ibo ni o ti ń gbọ́ ìròyìn?

Jagunlabí_Houston

Rédíò inú ọkọ̀ ni. Fóònù ò gbé, iná ò sí fún odindi ọjọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rédíò yín o, ẹ̀gbọ́n. Ti àwọn oníṣòwò ni mo gbọ́, ìpolówó mátírẹ́ẹ̀sì sì pọ̀ níbẹ̀ 😂. Ṣé ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe?

Ẹlẹ́rọ_Orí_Òkè

Ó ṣeé ṣe ní Houston. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tó ń ta mátírẹ́ẹ̀sì.